Àyúnbọ̀

Mùṣé Ṣàbí gbé káyè rẹ̀ lé itan, ó ní,
"Ìyá, bí èèyàn bá filé sílẹ̀, tó forí lé oko,
kí lẹ máa ń sọ pé ó ṣe?"
"Ṣe" ọ̀hún, "che" ló pè é, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni.
Àyọ̀ká, ìyá bàbá mi, wo ẹnu rẹ̀
bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó sán.
Ó ní, "Èmi ò che nǹkan kan. Mo yún oko ni."

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gúsí ló ń pa,
èèpo rẹ̀ ń fò lọ sí ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà.
Mùṣé kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nídìí.
Òpó mẹ́ta ló wà nínú káyè: lọ, rè, yún.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Kétu, Ìlárá, Pọ́bẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́,
àwọn mìíràn tí yíǹkì ti pa rẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ yín?"
"Ìyá mi."
"Ta ló kọ́ ìyá yín?"
"Ebi."

Ó ní àwọn Ìjẹ̀bú ń yún, àwọn Oǹdó náà ń yún,
báwo ló ṣe rìn dé ibí, tí kò ní ìwé ìrìnnà?
Àyọ̀ká na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti là ní gìgísẹ̀:
"Ẹsẹ̀ tó bá ń yún èèyàn, olúwa rẹ̀ á yún.
Ibẹ̀ ló ti wá."
Mùṣé mi orí. Ohùn jọ ohùn, ó ní, kì í ṣe ọmọ ìyá.
"Ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn?"

Ní kíláàsì, òun kan náà ló kọ́ wa ní ti Faransé.
Alé ni wọ́n ń pè é. A rò pé alẹ́ ni.
Tó bá di tèmi lónìí, ó ti di fẹ́,
tó bá di tèmi lọ́la, ó di jíire.
A rẹ́rìn-ín títí ó fi nà wá.
Mo délé, mo rò ó fún Àyọ̀ká. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Wọ́n gbọ́n.
Alẹ́ lèèyàn ń di ẹrù.
Ó fẹ́, kò fẹ́, ilẹ̀ á mọ́,
wọn á ní ṣé ó jíire."

Ìrọ̀lẹ́ ni, Mùṣé ti ń dé ìdérí bírò rẹ̀.
Àyọ̀ká fi ẹ̀gúsí sílẹ̀.
"Ìyá ìyá mi, nígbà ogun Dànhọmẹ̀,
ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n mú un gbà, okùn lọ́rùn.
Kò lọ. Kò rè. Kò yún. Wọ́n kó o ni.
Kọ 'kó' náà síbẹ̀.
Ìyẹn ò ní ti Kétu, kò ní ti Ṣábẹ̀ẹ́."
Mùṣé wá ojú ewé tí yóò kọ ọ́ sí.
Òpó mẹ́ta péré ló fà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Àjàṣẹ́,
"lọ" nìkan ló kù lẹ́nu mi.
Àná ni àbúrò mi pè: "Àyọ̀ká ti re ibi àgbà ń rè."
Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀.
Rè, ẹni tó tẹ̀ lé e ni mábọ̀:
àrèmábọ̀.
Mo wá yún kiri inú orí mi. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí i,
níbi tí ọwọ́ ti ń tinú àwo bọ̀ sẹ́nu:
àyúnlọ àyúnbọ̀.
Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo dá zémìjàn dúró.
"Níbo lẹ ń rè?"
"Gáàjì ni. Mo ń yún Kétu."
Ó wò mí nínú dígí, kò tíì tẹ iná.
Ó ní, "Ẹ dákun, ọmọ ta ni yín?"